Ogún Ìdílé àti Ìwé Kíkà: Àyẹ̀wò Àmì Dyslexia Lára Àwọn Ọmọdé ní Johannesburg

Ìfáàrà

Dyslexia jẹ́ ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ tí orí rẹ̀ pé ka ọ̀rọ̀ geere tàbí kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń bi òbí bóyá ẹnì kan nínú ìdílé ti ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ rí. Àpilẹ̀kọ yìí jiyàn pé ní Johannesburg, ó yẹ kí a tún ìbéèrè náà bi lọ́nà mìíràn.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní 1990, Hollis Scarborough ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tí dyslexia wà nínú ìdílé wọn, tó tẹ̀ lé wọn láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún méjì ààbọ̀. Àwọn tó padà ní dyslexia ti ń sọ gbólóhùn kúkúrú, wọ́n sì ń ṣi ọ̀rọ̀ pè, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìwé. Ìwádìí Jyväskylä ní Finland, tó tẹ̀ lé nǹkan bí 200 ọmọ láti ìkókó, rí i pé mímọ lẹ́tà kí ọmọ tó wọ ilé ìwé wà lára àmì tó lágbára jù. Ní 2016, Margaret Snowling àti Monica Melby-Lervåg ṣa àbájáde irú ìwádìí wọ̀nyí jọ: nínú ọmọ 100 tí dyslexia wà nínú ìdílé wọn, nǹkan bí 45 ló ní in. Ohun tó ju ìdajì lọ bọ́. Ogún ìdílé ń sọ ọmọ tó yẹ kí a ṣọ́. Kò sọ ibi tí yóò parí sí.

Ìṣòro Johannesburg

Òfin Ẹ̀kọ́ Bantu ti 1953 fi ẹ̀kọ́ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Bí ìyá àgbà kan ní Soweto bá ní òun kò lè kàwé, ṣé ẹ̀jẹ̀ ló fà á ni, àbí òfin? PIRLS, ìdánwò ìwé kíkà káríayé, ti 2021 fi hàn pé nínú ọmọ 100 ní kíláàsì kẹrin ní South Africa, 81 kò lè kàwé kó yé wọn. Láàárín èrò tó pọ̀ tó yẹn, ọmọ tó ní dyslexia sọnù.

Èdè tún dá sí i. Ohun tí isiZulu kọ ní ọ̀rọ̀ kan, ngiyabathanda (mo fẹ́ràn wọn), ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ní Sesotho: ke a ba rata. Òṣùwọ̀n kan náà kò lè wọn iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ èdè méjèèjì ń kà ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Yorùbá tó ń gbé Yeoville: bí olùkọ́ bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán an wò, àìgbédè lè jọ dyslexia. Ẹ bi í ní Yorùbá: bí a bá yọ bà kúrò lára bàtà, kí ló kù? Ọmọ tí etí rẹ̀ gbọ́ ìró yóò dáhùn.

Ìgúnlẹ̀

Dípò kí a bi òbí pé ṣé ó mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí a bi í pé: nínú àwọn ọmọ ìyá yín tí ẹ jọ lọ sílé ìwé kan náà, ta ni ìwé kíkà ṣòro fún ju àwọn yòókù lọ? Ìbéèrè yìí ya ogún ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ogún òfin. Òfin ẹ̀kọ́ South Africa ti 2024 ti sọ Grade R, ọdún kan tó ṣáájú kíláàsì kìíní, di dandan, ìlànà SIAS ti 2014, tó wà fún dídá ọmọ tó nílò ìrànwọ́ mọ̀, sì ti gbé àyẹ̀wò lé olùkọ́ lọ́wọ́. Nínú ọdún Grade R yẹn, kí a kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà ní èdè abínibí rẹ̀, kí a sì tún un dán wò. Ẹni tí a kọ́ dáadáa tí kò tíì mọ̀ ọ́n, òun ló yẹ kí ìrànwọ́ kọ́kọ́ kàn, kó tó gbà pé olódo ni òun.