Ọtí àwọn alárù Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn ìyá wa tó ń pọn ọtí ọkà bàbà máa ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná sínú ti òní kí ó lè kan. Ní Lọ́ńdọ̀nù, olú ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pípo ọtí àtijọ́ mọ́ tuntun di òwò ńlá.

Ní nǹkan bí ọdún 1700, ọtí tuntun kò wọ́n níbẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ nínú àgbá ti kan, owó rẹ̀ sì ga. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó a ní kí olọ́tí po méjèèjì pọ̀ nínú ife kan. Adùn rẹ̀ kì í ṣe ti èkínní, kì í ṣe ti èkejì. Ọtí dúdú ni àwọn alárù ìgboro wá fẹ́ràn jù, orúkọ wọn ni wọ́n sì fi pè é: porter.

Nígbà tó yá, àwọn apọntí ńlá gba iṣẹ́ pípò náà ṣe. Wọ́n kàn àgbá onígi láti fi tọ́jú ọtí títí yóò fi gbó. Òmíràn ga ju mítà 6 lọ! Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1814, ọ̀kan bẹ́. Ọtí ya wọ ilé àwọn tálákà. Ènìyàn 8 kú, obìnrin àti ọmọdé ni gbogbo wọn. Márùn-ún nínú wọn ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ kékeré kan lọ́wọ́.

Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ ní àjálù ni, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ìjọba dá owó tí apọntí ti san lórí ọtí tó dànù padà fún un. Owó ìsìnkú àwọn tó kú, àwọn aláàánú ló dá a.