Ẹ̀gbọ́n Tí Òfin Kò Kà: Èdè Yorùbá àti Ètò Máàkì ti Kánádà

Láti ọdún 1967 ni ìjọba Kánádà ti ń fi máàkì yan àwọn tí yóò wá gbé ilẹ̀ náà nítorí iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni olùtúmọ̀ yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ. "Oníṣẹ́ ọwọ́" tí àwọn kan ń kọ kò tó, nítorí pé télọ̀ àti káfíńtà ló ń gbé wá síni lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì àti oníṣirò owó pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. "Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́" ló bá a mu, ìbáà jẹ́ yunifásítì tàbí ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ènìyàn ti kọ́ṣẹ́.

"Máàkì" náà sàn ju "àmì" lọ, nítorí ẹrù ti pọ̀ jù lórí "àmì": ohùn ní àmì, àìsàn ní àmì. Ẹni tí ó bá ní máàkì 67 nínú 100 ti "yege", ṣùgbọ́n a kò tíì "mú un", nítorí pé ìṣirò mìíràn, tí òkè rẹ̀ jẹ́ 1,200, ni wọ́n fi ń to àwọn tó yege lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n tó pe àwọn tó wà lókè. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìdánwò JAMB rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyàtọ̀ yìí.

Bí obìnrin ẹni ọdún 38 bá ní oyè yunifásítì àkọ́kọ́, 21 ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ 13. Ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 9, nítorí pé máàkì 12 tí ó wà fún ọjọ́ orí ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan dín kù lọ́dọọdún láti ọdún 36. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá sì wà ní ìpele 8 nínú òṣùwọ̀n èdè Kánádà, 20 ni. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 63. Máàkì 5 wà fún ẹni tí ìbátan rẹ̀ ń gbé Kánádà pẹ̀lú ìwé ìgbélùú gbére, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti ta kókó. Òfin ka ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí ẹni, ṣùgbọ́n kò ka ọmọ tí wọ́n bí. Lójú Yorùbá, ẹ̀gbọ́n ni ọmọ náà bí ó bá ti juni lọ, pípè é ní "ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi" lójú àlejò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ yíyà á sọ́tọ̀. Olùtúmọ̀ tí ó bá kọ "ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò" lásán ti sọ 63 obìnrin yẹn di 68 lórí irọ́. "Iyèkan àti ọbàkan" ló ṣe déédéé, nítorí pé òfin ka ọmọ ìyá kan náà àti ọmọ bàbá kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí àlàyé tẹ̀ lé e, "ẹni tí ìyá ẹni tàbí bàbá ẹni bí", nítorí àwọn tí ń na ọ̀rọ̀ méjèèjì náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí ìyá àti ti bàbá.