Òjò Tí A Kò Wọ̀n

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní eji kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Bí òjò ṣe ń pa gbogbo wa tó yìí, àríyànjiyàn kì í tán nípa rẹ̀. Àgbà kan yóò ní òjò ìsinsìnyí kò tó ti àtijọ́. Òmíràn yóò ní irọ́ ni, ilẹ̀ ni ó ṣá. Ta ni yóò ṣe adájọ́? Àwọn baba wa fún òjò lórúkọ. Àkọ́rọ̀ ni èyí tí ó ṣáájú, àrọ̀kúrọ̀ ni èyí tí ó ń dágbére kí ọyẹ́ tó dé. Wọ́n mọ ìwà òjò ju ọ̀pọ̀ akọ̀wé lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ kò sọ iye tí ó rọ̀, ohun tí a kò bá sì kọ sílẹ̀, kì í pẹ́ yí padà lẹ́nu ọmọ ènìyàn.

Òjò wíwọ̀n kì í ṣe ohun tuntun. Ní ilẹ̀ Kòríà, nígbà ìjọba Ọba Sejong, ní 1441, wọ́n gbé ọ̀nà àtifi ìkòkò irin wọn òjò kalẹ̀. Nígbà tí ó di 1442, wọ́n pa á láṣẹ fún àwọn ìgbèríko, kí ààfin lè mọ bí òjò ṣe rọ̀ tó níbi gbogbo. Iṣẹ́ ọba ni ìyẹn. Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wù mí jù, nítorí pé ọgbà ilé àwọn ènìyàn ni ó ti gbilẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀dá tí ó dá wọn láàmú ní nǹkan bí 1854 sí 1858, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, George James Symons, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ òjò jọ ní 1860 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà láti máa wọ̀n ọ́n. Wọn kò tó 200 níbẹ̀rẹ̀. Kí Symons tó kú ní 1900, wọ́n ti lé ní 3,000, ìfẹ́ ọkàn ni púpọ̀ nínú wọn sì fi ń ṣe é. Ó di 1919 kí ilé-iṣẹ́ ojú-ọjọ́ ìjọba tó gba iṣẹ́ náà.

Ìtàn yìí ni ó mú mi gbé òṣùwọ̀n òjò sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìbàdàn. Kò ní idán nínú: agolo, àrọ, ìgò, àti ife tí a fàlà sí lára. Ibi tí a ó gbé e sí ni ó ṣòro. Mo kọ́kọ́ gbé e sí ìtòsí igi máńgòrò, ewé sì ń gba òjò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yẹ kí ó jìnnà sí igi tàbí ilé ní ìlọ́po méjì gíga wọn, ó kéré tán, kí a sì máa kà á ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo yàn.

Bàbá àgbẹ̀ tí ó múlé tì mí rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ṣé owó orí lẹ fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ òjò ni?"

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, òjò lu òrùlé páànù wa tí a kò fi gbọ́ ohùn ara wa. Mìlímítà 9 péré ni mo bá láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, òjò kan fi gbogbo òru rọ̀ jẹ́jẹ́, n kò tilẹ̀ jí. Mo bá 22. Mo sọ fún bàbá.

Ó ní, "Òjò tó ń pariwo kọ́ ló ń rinlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ò bi wá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni.

Eré kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980, pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn. Ti ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, 2011, tún pa púpọ̀. Òjò sì lè máa rọ̀ ní Bódìjà kí oòrùn máa ràn ní Mọ́níyà. Àgbàlá mélòó ni wọ́n ti kọ òjò ọjọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀? Ìjọba nìkan kò lè dé gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Ní báyìí, bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, bàbá a máa nahùn láti ẹ̀yìn ògiri, a sọ iye tí òun rò pé yóò jẹ́ kí n tó wò ó. Mo ń kọ iye ti agolo sínú ìwé mi, mo sì ń kọ ti bàbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.