Páìpù AC: Ẹ Wo Sílíńdà Tí Oníṣẹ́ Gbé Wá
Páìpù bàbà méjì ló so ẹ̀rọ AC inú yàrá mọ́ èyí tó wà níta. Kí wọ́n fi fóòmù wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí omi má baà máa kán sára ògiri yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti lajú dáadáa ni ìgbà tí oníṣẹ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá páìpù ń jò. Náítírójìn nìkan ni kó fi dán an wò, kí régúlétọ̀ sì wà lórí sílíńdà náà. Kì í ṣe ọ́síjìn àwọn wẹ́dà o! Tí ọ́síjìn bá pàdé ọ́ìlì inú kọ̀mpírẹ́sọ̀, ó lè bú gbàmù, kó sì gba ẹ̀mí.

Lẹ́yìn náà, kó fi ẹ̀rọ vacuum fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde, títí géèjì yóò fi wálẹ̀ dé 500 micron, kó tó tú gáàsì sínú páìpù. Gáàsì R-32 àti R-290 lè gbaná, nítorí náà, kò sáàyè sìgá nítòsí.

Ìbéèrè tèmi kì í gùn: “Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú sílíńdà yẹn?” Tó bá ní ọ́síjìn ni, ẹ ní kó dáwọ́ dúró.