Láti Tọ́rọ́ Dé Tro-tro: Ọkọ̀ Tí Ń Gbé Àlejò Wa Wọ Accra

Lọ́dọọdún ni àwọn ẹbí wa ń wá láti ilé, ti ìkómọ ni o, ti ìgbéyàwó ni o, tàbí ti òkú àgbà. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi wá kò yí padà: "Tí a bá dé Accra, ọkọ̀ wo la ó wọ̀?" Gbólóhùn kan tó láti fi dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ìtàn wa ní ìlú yìí kò ṣeé yà kúrò lára ọkọ̀, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa tí a bí síbí mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti inú "albarka" ti àwọn Hausa ni orúkọ Adabraka ti jáde, ìyẹn alùbáríkà tí àwa náà máa ń tọrọ. Ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ Accra ní 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn kúrò láàárín ìlú àtijọ́ tó há, tí àdúgbò bíi tiwa fi gbòòrò. Àárín Circle àti ọjà ńlá ni a wà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń wọ ìlú, ẹ̀bá wa ló ń gbà.

Àwọn bàbá àti ìyá wa tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ìníṣà, ẹsẹ̀ ni àwọn ti ìgbà ìwáṣẹ̀ fi rìn, ẹrù aṣọ lórí. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì onípákó dé, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́lẹ̀kájà nílé. Ìrìn náà kò rọrùn. Kí wọ́n tó ṣe afárá Sogakope láàárín 1960 sí 1969, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò sọdá odò Volta. Ohun mìíràn tún wà tó máa ń pa àwọn ọmọ wa lẹ́rìn-ín tí a bá sọ fún wọn: ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wa mọ́tò ní Nàìjíríà nígbà náà, ọwọ́ ọ̀tún ní Dàhọ̀mì àti Tógò, ọwọ́ òsì tún ni tí wọ́n bá ti wọ Gánà. Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Gánà sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1974.

Nínú ìlú Accra fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀sì ìjọba ìlú ti ń ṣiṣẹ́ láti 1927, ṣùgbọ́n kò tó. Lọ́rì aládàáni ló bọ́ sí àlàfo yẹn, tọ́rọ́ sì ni owó ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn Ga ń pe tọ́rọ́ ní "tro", ibẹ̀ ni tro-tro ti gba orúkọ. Àwọn àgbà wa tó ná tọ́rọ́ àti sísì kò nílò ògbufọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ìjọba ló ti dé tí ó sì ti lọ: OSA àti City Express ti kógbá sílé tipẹ́, Metro Mass dé ní 2003, Aayalolo dé ní 2016. Tro-tro kò lọ síbi kan.

Ọjọ́ kan wà tí ọkọ̀ yìí kan náà di ọkọ̀ ìbànújẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn tiwa ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ń ta ọjà ní ìdajì owó, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún ará àdúgbò, ó ń wá àyè nínú lọ́rì tó ń lọ sí Aflao. Lagos Town tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí nígbà náà, Accra New Town ni wọ́n ń pè é lónìí. Ní oṣù kìíní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, wọ́n sì gba ojú ọ̀nà kan náà padà wálé pẹ̀lú àpò tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀. A ò lè sọ pé apá kan jẹ̀bi ju èkejì lọ.

Ní báyìí, àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Kí àlejò yín mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dání, nítorí ẹnubodè mẹ́ta ló máa kọjá: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao. Tí ó bá wọ tro-tro, méètì ni kó sanwó fún (kọ́ndọ́ ni wọ́n ń pè é ní Èkó). Méètì tó bá na ìka sílẹ̀ tó ń yí i po, Circle ló ń lọ. Tí onítakisí bá sọ pé "dropping", ó ń bèèrè bóyá òun nìkan ló fẹ́ dá gbé ọkọ̀ náà ni, kó sì ná an kó tó wọlé. Kìlọ̀ fún un nípa òjò pẹ̀lú. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2015, àwọn tí òjò ká mọ́ Circle sá sí ilé epo kan, omi kún, iná sì ràn. Àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn lé ní 150. Tí òjò ńlá bá ṣú, kó má kúrò níbi tó wà.

Tudu ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Aflao ń já èrò sí. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá wúwo lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní Adabraka.