Ilé Là Á Wò: Àwọn Òbí Ẹdẹ Lọ́dún Kónílé-ó-gbélé

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn ya wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ kòkó tí ó wà ní ìlú Ẹdẹ, wọ́n sì kó oúnjẹ tí ó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí ibẹ̀ lọ. Oúnjẹ náà jẹ́ ìrànwọ́ tí CACOVID, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó kó owó jọ nítorí àrùn kòrónà, fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn ìwé ìròyìn ka ọ̀rọ̀ náà mọ́ rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣe ń rántí rẹ̀ títí di òní: pé àwọn jàǹdùkú ni ó jí ẹrù kó. Ẹni tí ó bá kó ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, olè ni, a kò sì ní torí ebi yí orúkọ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ojú ìlú Ẹdẹ Màpó Arógun rí lọ́dún náà, oṣù Kẹta ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, nínú ilé àwọn tí ó ní ọmọ láti bọ́.

Ẹdẹ ní ipa pàtàkì nínú ìtàn àrùn yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, tí ó gba Èkó lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn, ní kòrónà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí ACEGID, tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ti ka àbùdá kòkòrò àrùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò tíì sí ibì kankan ní Áfíríkà tí ó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí ọmọ Ẹdẹ máa fi yangàn. Àmọ́ ìlú kan náà ni yàrá ìwádìí yìí àti Ọjà Tìmì wà, ìbéèrè wọn kò sì jọra. Ní yàrá ìwádìí, wọ́n ń bi ara wọn pé níbo ni kòkòrò yìí ti wá. Ní Ọjà Tìmì, wọ́n ń béèrè ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ lọ́la.

Ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta pé kí wọ́n ti ilé-ìwé. Nígbà tí oṣù náà ń parí lọ, ènìyàn 127 tí wọ́n ń ti Côte d'Ivoire bọ̀ wọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìjọba sì yà wọ́n sọ́tọ̀ sí Èjìgbò. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, a rí i pé àrùn náà wà lára díẹ̀ nínú wọn. Ọ̀nà Èjìgbò sí Ẹdẹ kò jìn, nítorí náà ẹ̀rù tí ó ba àwọn aláṣẹ kì í ṣe ẹ̀rù asán. Gómìnà ìgbà náà, Adégbóyèga Oyètọ́lá, kéde pé láti òru ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, kí onílé ó gbélé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí orúkọ yẹn díẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni ó wo ilé kí ó tó sọ òfin yìí lórúkọ?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹdẹ, òwò òòjọ́ ni wọ́n fi ń jẹun òòjọ́. Ìyá ń ta aṣọ tàbí abọ́ lọ́jà; bàbá jẹ́ ọlọ́kadà, bíríkìlà tàbí télọ̀. Ohun tí wọ́n bá rí ní ọ̀sán ni wọ́n fi ń dáná alẹ́. Ẹni tí kò bá ta oúnjẹ tàbí oògùn, ìsọ̀ rẹ̀ di títì. Wọ́n ní kí wọ́n ra oúnjẹ pamọ́, ṣùgbọ́n a kì í kó oúnjẹ oṣù kan sílẹ̀ níbi tí kò sí owó oṣù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ìjọba kéde ní oṣù Kẹta yẹn kan náà pé òun yóò san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró, tí kò bá ti ju 2,500 pọ́n-ùn lóṣù lọ. Síbẹ̀ àwọn òbí ibẹ̀ ráhùn pé ọmọ àti iṣẹ́ pa pọ̀ nínú ilé kan ti fẹ́ mú àwọn ya wèrè. Bí ẹni tí owó ń wọlé fún bá lè ráhùn, kí ni kí ẹni tí owó rẹ̀ dúró lójijì ṣe?

Ilé tí àṣẹ náà ní lọ́kàn, ilé tí bàbá, ìyá àti ọmọ ti lè ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni. Agbo ilé Ẹdẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kànga kan, àgbàlá kan, nígbà mìíràn ilé ìdáná kan, ni ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ ń lò. Wọ́n ní kí ènìyàn jìnnà sí ẹnì kejì rẹ̀. Ìyá tí ó bá pe ọmọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ọmọ ará ilé, bí ẹni pé ó ń pe àwọn yòókù ní alárùn ni. Ìyá tí kò bá sì pè é, ó ń rú òfin. Òbí tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní ìpínlẹ̀ mìíràn nígbà tí ọ̀nà dí kò rí i mú padà, nítorí ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni ìjọba àpapọ̀ tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn.

Ti ẹ̀kọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ UNESCO sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni ilé-ìwé tì mọ́ káàkiri ayé. Ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n bí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti ṣe, àwọn ilé-ìwé aládàáni kan sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù. Àwọn tí ó ronú rẹ̀ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n fóònù bàbá ni fóònù ilé, ọmọ mẹ́ta ni ó sì fẹ́ lò ó. Dátà ń jẹ owó tí ó yẹ kí a fi ra gààrí. Iná mànàmáná sì lè lọ kí olùkọ́ tó kí ọmọ tán. Ìyá tí kò ju ìwé mẹ́fà lọ wá di olùkọ́ ìṣirò ní ọ̀sán kan. Kì í ṣe pé kò fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀. Ojú ń tì í pé ọmọ ń bi í ní ohun tí kò mọ̀.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Láti ọdún 2012 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣe ètò oúnjẹ O'Meals fún àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ní ọjọ́ tí ilé-ìwé tì, ìkòkò ilé-ìwé náà sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní òun yóò máa gbé oúnjẹ ilé-ìwé lọ bá àwọn ọmọ nílé, Àbújá, Èkó àti Ògùn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. Báyìí ni oúnjẹ ọ̀sán tí ó ti kúrò lọ́rùn òbí ṣe padà sí i lọ́rùn, ní àkókò tí kò sí òwò.

Wọ́n ní kí a máa fọ ọwọ́ léraléra. Ní agbègbè Ẹdẹ ni ìsédò odò Erinlẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ fún Ẹdẹ, Òṣogbo àti àwọn ìlú mìíràn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé nínú ìlú náà ń gbé ara lé kànga àti omi tí wọ́n ń fi owó rà. Ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ kò tíì tán, àwọn ọmọ tí òfin ní kí wọ́n má jáde ni wọ́n ń rán lọ pọn omi tí wọn yóò fi pa òfin mọ́.

Ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin láàárín gbogbo èyí. Ẹdẹ ni ìlú Tìmì Abíbù Lágúnjú, ẹni tí a mọ̀ sí ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, àṣámù àti wáàsí alẹ́ wà lára bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Ìgbìmọ̀ gíga lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà rọ àwọn Mùsùlùmí láti máa kírun nílé, ìmọ̀ràn rere sì ni. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà ti ṣe ọdún Àjíǹde nílé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Òbí ni ó ṣẹ́ kù láti ṣàlàyé fún ọmọ ìdí tí ilé Ọlọ́run pẹ̀lú fi tì.

Ṣé a wá lè sọ pé Yorùbá kì í gba òfin àrùn ni? Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná ń jà, àwọn baba wa kì í pè é lórúkọ. Wọn a máa ya aláìsàn sọ́tọ̀, ẹbí kì í sì í sin òkú rẹ̀, àwọn àwòrò ni ń sin ín. Òfin líle ni, ṣùgbọ́n láti inú ìlú ni ó ti wá, àwọn tí ó sì ń pa á láṣẹ jọ ń gbé àdúgbò kan pẹ̀lú àwọn tí ó ń tẹ̀ lé e.

Ti ọdún 1918 yàtọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀fìnkìn apani tí àwọn òyìnbó ń pè ní influenza bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. Ó sì bá ọkọ̀ ojú irin wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá, lórí ọ̀nà irin tí ó ti gba Ẹdẹ dé Òṣogbo láti ọdún 1907. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó pa ní Nàìjíríà. Ní Èkó, ìjọba amúnisìn rán àwọn wolé-wolé láti ojúlé dé ojúlé láti wá aláìsàn. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ènìyàn wọn pamọ́, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò nílùú, wọ́n gbé àrùn náà dání lọ. Wọn kò sá nítorí pé wọ́n fẹ́ràn àrùn. Wọ́n sá nítorí pé ẹni tí ó wá kan ilẹ̀kùn kò mú nǹkan kan wá ju àṣẹ lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí ni a kò kọ́ kí ọdún 2020 tó dé. Mo ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn rí, mo sì mọ bí a ṣe ń kọ irú ìtàn báyìí. Alaalẹ́ ni àjọ NCDC ń fi iye àwọn tí ó kó àrùn ránṣẹ́, iye náà ni àwa oníròyìn ń tẹ̀ jáde. Kò sí àjọ tí ó ń ka iye ìkòkò tí kò gorí iná lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn ọmọ kíláàsì àṣejáde padà sí ilé-ìwé ní oṣù Kẹjọ, ìdánwò WAEC sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Àwọn yòókù ṣì ní láti dúró. Nígbà tí oṣù Kẹwàá fi máa dé, oúnjẹ ti fi ìdá 17.38 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti oṣù kan náà lọ́dún tí ó ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ìṣirò ti wí. Òbí tí ó ti jẹ gbèsè láti oṣù Kẹrin, tí ó ń wá owó ìwé àti aṣọ ilé-ìwé, ni ó gbọ́ pé ìrẹsì, gààrí, indomí, ṣúgà àti iyọ̀ wà nínú ilé ìkẹ́rùsí ní ìlú tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣáájú ti Ẹdẹ ni wọ́n ti kó irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Mazamaza l'Ékòó. Ẹgbẹ́ àwọn gómìnà ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé àwọn kò kó oúnjẹ pamọ́: pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ń dúró kí ẹrù pé kí wọ́n tó pín in, àwọn mìíràn sì fi díẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ tí àrùn náà bá tún dìde. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n oṣù méje ni ó wà láàárín àṣẹ kónílé-ó-gbélé àti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn náà já, àlàyé náà sì dé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti já. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Èmi kò sọ pé òbí ni gbogbo àwọn tí ó wọ ọgbà náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ̀, omi àti oúnjẹ, àwọn ohun mẹ́ta tí òfin náà nílò kí ó tó lè ṣiṣẹ́, gbogbo wọn wà ní Ẹdẹ lọ́dún náà. Ẹdẹ ka àbùdá àrùn fún gbogbo Áfíríkà. Ẹdẹ ni ìsédò wà. Ẹdẹ ni wọ́n kó oúnjẹ sí. Ojúlé òbí ni wọn kò dé ní àkókò. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹta ọdún 2021, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fura sí i, kò yẹ kí ó ya àwọn aláṣẹ lẹ́nu. Ẹni tí a fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ pamọ́ fún, tàbí tí ó gbà pé a fi pamọ́, kò ní tètè na apá rẹ̀ fún wa.

Àrùn mìíràn yóò dé lọ́jọ́ kan, bóyá lójú ọmọ wa ni. Kí àwọn tí yóò kọ òfin ọjọ́ náà kọ́kọ́ wá sí agbo ilé, kí wọ́n ka iye ẹnu tí ó ń jẹun níbẹ̀, kí wọ́n wo kànga, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ pé ọjọ́ mélòó ni oúnjẹ tí ó wà nílẹ̀ lè gbé e dé. Iye ọjọ́ tí ó bá dárúkọ ni kí wọ́n fi sọ́kàn, kí oúnjẹ sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.