Rédíò Yunifásítì àti Àwọn Ará Àdúgbò: Àyẹ̀wò Láti Alímọ̀ṣọ́

Ìfáàrà

Ọ̀nà kan ń bẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ níwájú Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tí ó gba Ìbà kọjá, tí ó la Ìgándò já, tí ó sì bá ti Ẹgan àti Ìṣẹ́rí lọ títí tí ènìyàn fi lè yà sí Ìkòtún tàbí kí ó forí lé Ẹ̀gbẹ́dá. Apá ibẹ̀ náà ni ohùn rédíò yunifásítì ọ̀hún, LASU Radio 95.7 FM, ń gbà lójú sánmà, láìdúró ní ibùdókọ̀, láìsan owó ọkọ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ẹrù tí ó yẹ kí irú ohùn bẹ́ẹ̀ rù dé etí àwọn ará Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀nà yìí là kọjá. Èrò wa ni pé bí a óò bá díwọ̀n rédíò yunifásítì, kí a fi ìmọ̀ tí ó ń gbé jáde láti inú ọgbà díwọ̀n rẹ̀: ṣé ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ìmọ̀ náà kàn, ní èdè tí onítọ̀hún fi ń ná ọjà, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà sì ń padà wọ inú ọgbà?

Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, Charles Van Hise, ẹni tí ó ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì ibẹ̀ láti 1903 títí di 1918, ti fi lélẹ̀ pé ọkàn òun kò ní balẹ̀ àfi bí oore yunifásítì náà bá dé gbogbo ìdílé ìpínlẹ̀ ọ̀hún. Nígbà ayé rẹ̀ ni Earle Terry, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ aláìlókùn kan tí à ń pè ní 9XM ránṣẹ́ nípa bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n àmì Morse ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, ẹni tí ó lè túmọ̀ rẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ohùn ènìyàn, ní 1921, ni iṣẹ́ náà tó wọ oko. Ọdún kejì rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà gba orúkọ WHA tí ó ń jẹ́ di òní olónìí. Ní Gáńà tí ó súnmọ́ wa, Radio Univers ti Yunifásítì Gáńà ní Legon dìde ní 1994.

Ní ti Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ rédíò olókùn, èyí tí a ń fa wáyà rẹ̀ wọ ilé ẹni tí ó bá lè san owó oṣooṣù, tí ọ̀pọ̀ ohun tí rédíò náà sì ń sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ ìjọba ni ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wà títí di ìgbà tí Òfin 38 ti ọdún 1992 dá NBC, àjọ tí ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, sílẹ̀, tí ilẹ̀kùn sì ṣí fún aládàáni. Ní 1994 ni Raypower, rédíò aládàáni, bẹ̀rẹ̀ ní Alágbàdo, ní ẹ̀bá Alímọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ní 2002 ni Yunifásítì Èkó ní Akọkà gba ìwé àṣẹ, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún yunifásítì ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà wá ni òmíràn ti ń tẹ̀ lé e: Diamond FM 101.1 ní Ìbàdàn, Great FM 94.5 ní Ilé-Ifẹ̀, FUNAAB 89.5 ní Abẹ́òkúta, FUTA 93.1 ní Àkúrẹ́, Hebron FM 95.9 ní Ọ̀tà, àti ti Ọ̀jọ́ tí a ń sọ yìí. Lójú òfin, ara rédíò ará ìlú ni a ka gbogbo wọn kún. Ilé ìkọ́ṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ilé iṣẹ́ èrè.

Alímọ̀ṣọ́ àti Ìmọ̀ tí Kò Rìn

Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n àjòjì ti di onílé níbẹ̀. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ní èrò tó o. Níbi tí ènìyàn pọ̀ tó báyìí, àìmọ̀ a máa gbówó lórí. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, 2006, iná sọ ní Abúlé Ẹ̀gbá níbi tí àwọn ènìyàn ti ń bu epo láti inú páìpù tí àwọn olè bẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì kú. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún, 2008, katakata tí ń ṣe ọ̀nà gbá páìpù mìíràn ní Ìjẹ̀gùn, iná tún gba ẹ̀mí. Onímọ̀ kẹ́míkà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ooru epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, pé ilẹ̀ ní í máa rá mọ́ títí yóò fi dé ìdí ààrò ẹni tí kò tilẹ̀ rí epo náà sójú; ìmọ̀ yìí wà nínú ìwé, kò dé ìdí ààrò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ààtàn ńlá Solous ní Ìgándò. Àwọn olùwádìí ti bu omi kànga tí ó yí i ká, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú jọ́nà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹni tí ó ni kànga ń pọn omi rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìwádìí tí a kọ ní èdè tí oníkànga kò gbọ́, àmì Morse ni lójú tirẹ̀.

Nínú Yàrá Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́

Iṣẹ́ tí ó wà nínú sísọ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹnu kò kéré. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó síwájú gbohùngbohùn, iná pupa yóò tàn, olùkọ́ tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì yóò na ìka sí i, ó sì di dandan kí ó ṣàlàyé, láìfi Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́, bí omi ìdọ̀tí ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ láti ìdí ààtàn dé inú kànga. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Nígbà tí a bá wá ṣí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ìyá kan lè pè láti ọjà Ìkòtún, tí ohùn agbèrò tí ń pe “Ẹ̀gbẹ́dá, Ìyànà-Ìpájà!” yóò máa jà á lẹ́yìn, tí rédíò rẹ̀ yóò sì máa da ohùn rẹ̀ padà fún un, títí atọ́kùn ètò yóò fi ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa dín rédíò yín kù.” Lẹ́yìn èyí ni ìyá náà yóò béèrè ìbéèrè tí olùwádìí kò rò kàn: ṣé bí a bá se omi ọ̀hún, kò ti tó? Onímọ̀ yóò sì dá a lóhùn pé síse a máa pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í yọ òjé kúrò nínú omi, bí ó bá ti bá omi ìdọ̀tí ààtàn wọ inú kànga. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìdínà kò ṣàìsí: owó dísù fún jẹnẹrétọ̀, owó ìpolówó ọjà tí kò lè tó ti aládàáni, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gboyè lọ ní kété tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní kí a má bá aládùúgbò sọ̀rọ̀.

Ìkádìí

Àbá wa kò pọ̀. Kí yunifásítì tí ó bá ní rédíò sọ ọ́ di ìlànà pé ìwádìí tí a bá ṣe lórí àdúgbò kan, a kò ní kà á sí èyí tí ó parí títí a ó fi ròyìn rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ ní èdè àwọn ará ibẹ̀. Kí a fi ìyálọ́jà, olórí àdúgbò àti aṣojú àwọn awakọ̀ kún ìgbìmọ̀ tí ń yan ètò. Ẹ̀yin ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò náà, ẹ má dúró kí a tó wá yín wá. Ẹ máa pè, ẹ máa béèrè, nítorí owó yín wà nínú owó orí tí a fi gbé yunifásítì ìjọba ró.